Ọkọ̀ Tí Kò Ní Lẹ́tà Lẹ́yìn

Roswitha Magdalene Kächele ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ọmọ káfíńtà, ọmọ bíbí Hohenrietbach lórí òkè Alb ní ilẹ̀ Schwaben, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọdé pé ẹni tó bá ń pariwo ọrọ̀, òṣì ló ń pè. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ó ti fi ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti ilé dé ilé, tí ó ń tọ́jú àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dé ilé ìwòsàn mọ́. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Àwọn arúgbó wọ̀nyẹn ni ará ilé rẹ̀.

Ní gbogbo ọdún náà, wágọ́ọ̀nù ni ó ń wà: ọkọ̀ gbọọrọ tó sún mọ́ ilẹ̀, tí bùútù rẹ̀ lè gbé kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn méjì mì, kí ó sì tún béèrè ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2017, eegun ìbàdí rẹ̀ gbé ìjà dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ ni ó ń wọ ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá fi di ọ̀sán, á rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí ẹni tí ń gun àjà. Dókítà kò fi bọpo bọyọ̀: "Ẹ wá ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ ga, tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Ni ó bá di kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn kan, àpótí omi onígò kan àti báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó kó wọn lọ sí ilé ìtajà ọkọ̀ ní ìlú ìsàlẹ̀ òkè. Timo Ruoff, onírùngbọ̀n pupa tó ń tajà níbẹ̀, kọ́kọ́ fi wágọ́ọ̀nù tuntun hàn án. Ẹrù wọlé tán, àyè ṣì kù. Roswitha jókòó, inú rẹ̀ dùn. Àtidìde ló di ìjọ̀ngbọ̀n. Ọwọ́ méjèèjì ni Ruoff fi fà á jáde.

"Màmá, ọkọ̀ yìí fẹ́ràn yín, kò fẹ́ kí ẹ lọ."

"Ìfẹ́ tó ń ṣẹ́ni léegun! Èwo ló kù?"

Jíìpù kékeré kan ló kù, ọkọ̀ olówó iyebíye, aláwọ eérú. Roswitha yọ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga ilé ìdáná. Ruoff tẹ bọ́tìnnì kan, awọ ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ooru náà sì rọra wọ inú eegun. Roswitha di ojú.

"Màmá, ẹ má sùn o."

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ìbàdí mi ló ń dúpẹ́."

Kẹ̀kẹ́ há gádígádí sínú bùútù, àpótí omi sì ní láti jókòó sórí àga ẹ̀yìn bí èrò. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti yàn. Ojú ló ń tì í. Gotthilf Bäuerle, ọ̀kan lára àwọn arúgbó rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ní egbò kan lẹ́sẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí àfi Roswitha. Nọ́ọ̀sì kan fi ọkọ̀ tó ń dán wá rí. Bàbá náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ní òun kò ní fi àìsàn òun ra wúrà sọ́rùn nọ́ọ̀sì. Bí ó bá tún ti ilẹ̀kùn mọ́ Roswitha, ta ni yóò máa wẹ egbò náà?

Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tó kéré jù lọ ni ó mú. Ó sì tún wí pé, "Ẹ bá mi yọ àwọn lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀."

"Àwọn tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó?"

"Gbogbo wọn. Mi ò fẹ́ kó máa ròyìn mi káàkiri."

Ruoff kò béèrè ìdí. Ọmọ ilẹ̀ náà ni òun pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ó gba ọkọ̀ náà, Roswitha gbé e dúró sí iwájú ilé Bäuerle. Bàbá náà jáde pẹ̀lú ọ̀pá, kò kí i. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó sì bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kò sí lẹ́tà níbí."

"Kò sí, Bàbá."

"Hẹn-ẹn! Èyí tó lágbára jù lẹ rà nìyẹn."

"Rárá o! Èyí tó kéré jù ni!"

"Ẹ má parọ́ fún àgbà. Ẹni tó bá ra kékeré, ṣé kò ní fi lẹ́tà sílẹ̀ kí ayé lè rí i pé kékeré ni? Ta ló ń bo ohun tí kò ní?"

Ìgbà náà ni ó yé e pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí òun ní ni òun ti sanwó kí wọ́n bá òun yọ. Ó dúró, ó ń retí kí ilẹ̀kùn ó padé. Bàbá náà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Èmi náà yọ tèmi lọ́dún 1987. Ìyàwó mi ò mọ bí ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe tóbi tó títí ó fi kú. Èèyàn wa lẹ jẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ wọlé, ẹsẹ̀ ń ta mí."

Roswitha gbé báàgì rẹ̀, ó wọlé, ó sì wẹ egbò náà.

Kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo Hohenrietbach ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì àwọn lówó, ó sì mọ̀wà hù. Kò sí ẹni tó jiyàn ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀kùn kankan kò sì tì mọ́ ọn. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2022, lẹ́yìn tí ó ti bẹ arúgbó mọ́kànlá wò láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, Roswitha Magdalene Kächele fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.