Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Abẹ́ Pírẹ́sì

Ọpẹ́lọpẹ́ ìrun Àlàásárì. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi, wọ́n gbé kẹ́tùrù omi, wọ́n ń lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ tábìlì fi kán. Pírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ ré lulẹ̀, ó sì fọ́ àga náà sí wẹ́wẹ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ẹdẹ ni kí n máa tún ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ṣe. Pírẹ́sì ni mo fi ń ti bẹ́árín, òrùka irin tó ń mú kí ẹ̀rọ yí geere, wọ ara irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ. Irin wúwo ni, ó tẹ orí síwájú, ó ní ọwọ́ gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá fa ọwọ́ yẹn wálẹ̀, ọ̀pá irin kan á sọ̀ kalẹ̀, á tẹ bẹ́árín wọlé wẹ́rẹ́, láì jẹ́ pé mò ń fi òòlù lù ú. Ọjọ́ tí mo rà á, mo gbé e lé tábìlì pákó tó wà nílẹ̀, mo ní bó bá yá n ó wá ibi tó dáa sí i. Kò yá. Ikán wọ ẹsẹ̀ tábìlì, tábìlì ń mì, èmi náà ń kàn án ní ìṣó.

Ìyá mi gbọ́ ariwo, wọ́n yára padà, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n.

"Ṣé kò bà ọ́?"

"Kò bà mí, Màámi. Ẹ̀yin ni mò ń wò."

Wọ́n wo àga, wọ́n wò mí. "Ọlọ́run ló ní kí n dìde," ni wọ́n wí. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá wọn.

Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń sunkún. Bọ̀dá mi tó ń gbé Ìbàdàn ti ní kí Màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, pé ṣọ́ọ̀bù onírin kì í ṣe ibi tí àgbàlagbà ń jókòó sí. Èmi ni mo ní rárá. Màámi náà kọ̀, wọ́n ní ilé tó dákẹ́ ló ń pa arúgbó. Ọ̀rọ̀ bọ̀dá mi wá kù díẹ̀ kó ṣẹ.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó gé irin tó ki, ó jó o pọ̀ di ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé pírẹ́sì lé e, tí mo fa ọwọ́ rẹ̀, ìdúró náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ti sán, kò sì tẹ́jú.

"Ẹ jẹ́ ká fi pákó kékeré há a," ni wẹ́dà wí.

"Pákó ló fẹ́ pa Màámi lánàá," mo dá a lóhùn.

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹsẹ̀ mélòó ni ààrò ní?" ni wọ́n bi í.

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín. "Mẹ́ta ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n pírẹ́sì kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ibi tí mo ti ń dáná lóko wa ní Sekona, ilẹ̀ ibẹ̀ burú ju èyí lọ. Mi ò rí ìkòkò tó mì lórí ààrò rí."

Wẹ́dà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lóṣòó, ó ń wo abẹ́ irin. Èmi náà lóṣòó tì í. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀dọ̀ mi ni mo ń fa ọwọ́ pírẹ́sì sí, ó sì lè dojú bolẹ̀.

"Ká fi méjì síwájú," mo wí, "kí wọ́n ya gidi, bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Ká fi ẹyọ kan sẹ́yìn."

Ó gé ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn kúrò, ó jó ẹyọ kan sí àárín ibi tí wọ́n wà, ó sì ya ti iwájú. Òun ló rò ó pé kí ìsàlẹ̀ wúwo. Ó wá ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti dógùn-ún, ó fi irin pẹlẹbẹ dí ìdí rẹ̀, ó jó o mọ́ àárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì da kankéré kún inú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Màámi ń wọ́n omi sí i bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara mi ò gbà á mọ́. Mo pe bọ̀dá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan pa mọ́.

"Gbé fóònù fún Màámi," ni ó wí.

Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Èsì Màámi ni mo gbọ́: "Wá wò ó fúnra rẹ. Bó bá mì, màá tẹ̀ lé ọ lọ."

Wọn ò bi mí kí wọ́n tó ṣe ìlérí.

Ọjọ́ Sátidé ni bọ̀dá mi dé. A ti fi bóòtù mẹ́rin de pírẹ́sì mọ́lẹ̀ pinpin. Màámi bu omi kún abọ́ kan, wọ́n gbé e lé etí ìdúró náà. Bọ̀dá mi sanra, ó sì ga. Ó ká apá aṣọ, ó di ọwọ́ pírẹ́sì mú, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Bẹ́árín wọlé. Omi inú abọ́ rú díẹ̀, kò dà. Ó ti ìdúró náà láti ẹ̀gbẹ́, ó tún lọ tì í láti ẹ̀yìn. Kò yẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é báyìí?"

Wẹ́dà nàka sí Màámi.

Bọ̀dá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ máa jókòó síbí, Màámi. Ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí irin yìí díẹ̀."

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí, bí ọmọ tí wọ́n ń kìlọ̀ fún.

Mo mí kanlẹ̀. Àfi bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù orí mi kalẹ̀. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ebi dé, nítorí láti ọjọ́ tí pírẹ́sì ti ṣubú, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Mo sọdá lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ ẹ́ ní ìnàró, bọ̀dá mi ò tilẹ̀ rántí fọ gíríìsì ọwọ́ rẹ̀.