Tányínọ̀ Wa Gba Títì

Wọ́n ti wọ aṣọ funfun fún bàbá mi, ṣùgbọ́n òkú wọn kò lè jáde nílé. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin là ń retí. Màmá, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n náà, wà lórí bẹ́ǹṣì ní ẹnubodè, lórí ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà gba àárín ẹbí wa kọjá kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ní Aradagun, ìlú wa, ni, nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Mùsùlùmí ni wá, àwọn alùfáà sì ti ní kí ìrun Aláásárì bá wa ní itẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n Ègùn ni wá pẹ̀lú. Nílé wa, tányínọ̀, ìyẹn ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú ìdílé, ló ń pe orúkọ àbísọ òkú kó tó kúrò nílé. Bí kò bá pè é, olóògbé lọ láìdágbére nìyẹn. Àwọn alùfáà wa mọ̀. Wọ́n á bọ́ síta díẹ̀.

Láti kékeré mi, ọkọ̀ ojú omi ni Màmá ń wọ̀ wá láti ìhà Faransé tí wọ́n ti lọ́kọ. Ẹnì kankan kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ọ̀nà títì làwọn máa gbà.

“Àbúrò mi sin ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì,” wọ́n sọ fún mi lórí fóònù. “Mi ò ní gba ẹ̀yìnkùlé wá sin ín.”

Ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé ìrìnnà wọn. Mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn ní ẹnubodè.

“Màmá, ọmọ ilẹ̀ ibo lẹ jẹ́?” ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́bodè ń bi wọ́n.

“Ọmọ bàbá mi ni mí. Ta ló ní kí o máa ṣọ́ ojúde wa?”

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, kò sì ṣí ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo ní èmi rèé. Ó ní ẹbí kì í jẹ́rìí ẹbí.

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Imeke bọ́ síwájú. “Èmi mọ̀ wọ́n. Gbogbo ọdún Iléyá ni wọ́n ń bú àbúrò wọn lójú wa: ‘Mo ṣáájú ẹ dáyé, ìlú mi tún ṣáájú tìẹ gba òmìnira.’”

Òótọ́ ni. Ọdún kan náà ni. Oṣù Kẹjọ ni tiwọn, oṣù Kẹwàá ni tiwa. Bàbá mi a ní, “Ẹ ṣáájú gbà á, ẹ ṣì ń sọ Faransé.” Màmá a ní, “Ìwọ ńkọ́, èdè bàbá ta lo fi ń kọ̀wé?”

Awakọ̀ kan ní òun náà mọ̀ wọ́n. Ẹlòmíràn fi Ègùn kí wọn kú ọ̀fọ̀. Aṣọ́bodè náà wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní kí a máa lọ, òun máa sìn wá délé.

“Ibi iṣẹ́ yìí ni mo wà nígbà tí wọ́n sin bàbá tèmi,” ó sọ fún mi.

Nígbà tí a délé, àwọn alùfáà bọ́ síta. Màmá fẹnu sí etí àbúrò wọn, wọ́n pe orúkọ tí èmi ò gbọ́ rí.

“Títì ni mo gbà wá,” wọ́n sọ fún un. “Máa lọ.”

N kò mọ orúkọ àwọn tó tò lẹ́nubodè lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n bí mo bá kírun tán, àdúrà mi ń kàn wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹnubodè. Mo bi í léèrè bí yóò ṣe rí bí Màmá bá tún ń bọ̀ fún àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá mi. Ó ní ẹlẹ́rìí kò ní tó lẹ́ẹ̀kejì. Kí Màmá ṣe ìwé tuntun kí wọ́n tó máa bọ̀, òun fúnra òun yóò lu òǹtẹ̀ sí i.