‘A Dúpẹ́’ ni Gbogbo Bàrígà Ń Wí

Ẹ má bi mí pé kí ló gbé mi dé ìdí saikọ́lọ́jì. Ìgbéraga ni. Mo ti gba oyè kìn-ín-ní, mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ní Ṣómólú, ó yẹ kó tó mi. Ṣùgbọ́n rárá o, èmi náà fẹ́ gba oyè másítà nínú ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ọmọ ènìyàn, kí wọ́n lè máa nàka sí mi lójú pópó. Mo forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan nílùú òyìnbó, a jọ ń fi lẹ́tà kàwé. Nígbà tó di ọdún kẹta, mo fiṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ kí n lè ráyè. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ dúró títí, ọ̀rọ̀ mi sú u, ó relé ọkọ. Kò wá ku nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́ àfi oyè yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí ni ohun tí ọ̀fọ̀ ń ṣe fún ọkàn àwọn tí omi gbé èèyàn wọn lọ. Àwọn apẹja tó ti etíkun Oǹdó wá sí Bàrígà ni mo yàn. Mo kọ ìbéèrè ní Yorùbá, mo gbé e fún òǹtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Lẹ́tà ìtẹ̀wé tó ní àmì nísàlẹ̀, bí ẹ àti ọ, tán mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìdajì iṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo jókòó tí mo ń fi gègé to àmì sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ má baà di oko. Lẹ́yìn náà ni mo gun kẹ̀kẹ́ mi, ó di Bàrígà.

Àwọn èèyàn náà yẹ́ mi sí. Wọ́n fún mi ní àpótí jókòó, wọ́n fún mi lẹ́ja jẹ.

“Ṣé ẹ ń rí oorun sùn, mà?”

“A dúpẹ́.”

“Ṣé oúnjẹ ń wù yín jẹ?”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.”

“Ṣé ìbànújẹ́ máa ń dé bá yín?”

“Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀yin náà ò ní rí i!”

Obìnrin tí omi gbé ọkọ àti àbúrò rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì tún ṣe àmín sí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀, inú mi tilẹ̀ ń dùn pé iṣẹ́ ń yá. Mo dì í, mo fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó.

Lẹ́tà ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà dé. Ó ní kò síbi tí ọlọ́fọ̀ ti í sọ pé òun wà dáadáa. Ó ní ó jọ pé inú yàrá mi ni mo jókòó sí tí mo fọwọ́ ara mi dáhùn gbogbo rẹ̀. Bí èsì tòótọ́ kò bá dé láàárín oṣù méjì, wọ́n á pa orúkọ mi rẹ́. Èmi! Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ Bàrígà! Mo pariwo débi pé àwọn tá a jọ ń gbélé sá jáde.

Mo padà lọ bẹ àwọn apẹja náà ní Bàrígà. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ayé mi ló fẹ́ bàjẹ́ yìí. Wọ́n ní kò ní bàjẹ́ lágbára Ọlọ́run. Nígbà tí mo tún béèrè, wọ́n ní a dúpẹ́. Mo délé, mo dùbúlẹ̀, mi ò fẹ́ẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo wọ́ ara mi lọ sọ́dọ̀ màmá kan tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ni omi gbé lọ. Mo ti bi í léèmejì, ọpẹ́ náà ló fi dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà?”

“A dúpẹ́, mà.”

Ó gbójú sókè, ó wò mí. “Ìwọ náà?”

Lẹ́tà òyìnbó wà lápò mi. Mi ò tíì jẹun láti àná. Mo lanu láti tún dúpẹ́, ẹkún ló jáde. Mo sunkún bí ọmọdé, ojú sì tì mí.

“Ta ló máa káwọ́ lérí sọ fún àlejò tó gun kẹ̀kẹ́ wá pé inú òun bàjẹ́?” màmá wí. “Fi ìwé ìbéèrè ọwọ́ rẹ yẹn sápò. Jókòó.”

Ó wá sọ fún mi. Ó ní láti ọjọ́ tọ́mọ náà ti lọ, òun ò tíì yan ẹja kí òun má yan tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, òun á gbé e lọ sétí omi, òun á jù ú sí i. Òun á ní, “Ẹja rẹ rèé o.” Òun ò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan rí, kódà bàbá ọmọ ò gbọ́ ọ.

Ohun tí òyìnbó ń wá rèé! Pẹ́ńsùlù wà létí mi. Màmá rí i pé ọwọ́ mi ti ń lọ síbẹ̀.

“Má kọ ọ́ o.”

“Mi ò ní kọ ọ́, mà.”

Mi ò sì kọ ọ́. Oṣù méjì pé, wọ́n pa orúkọ mi rẹ́, mo padà lọ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ olùkọ́. Inú máa ń bí mi sí màmá náà lọ́jọ́ mìíràn: bí kò bá fẹ́ kí n kọ ọ́, kí ló dé tó sọ ọ́ fún mi?

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ padà wọ iléèwé, olùkọ́ kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bi mí pé ìwé ńlá tí mo ń kà ńkọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “A dúpẹ́.”