Kílò Tí Mo Ń Ké Síta ní Ìyìn

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìyìn-Èkìtì, Mátírọ̀nù mú mi lọ síwájú ìwọ̀n. Ó ní, "Ẹni tó bá gùn ún, wo iye kílò rẹ̀, kí o ké e síta, kí akọ̀wé tó wà lọ́hùn-ún lè kọ ọ́ sínú káàdì. Ké e dáadáa o. Etí akọ̀wé wa wúwo."

Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ ariwo ni wọ́n fún mi. Kò ni mí lára. Ilé pákó, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ la igi, ni mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá sì pariwo níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò gbé ohùn rẹ̀ mì. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ ìwé kà. Obìnrin tó kọ́ mi, ní kíláàsì àwọn àgbà tí a ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, ni gbogbo wa ń pè ní Tíṣà. Nígbà tí mo dé ìdí ìwọ̀n, mo bá a níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, oṣooṣù ló ń wá gba oògùn.

Ọdún tí ìyàwó mi kú, mo rù débi pé mo lu ihò tuntun méjì sí bẹ́líìtì mi. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi. Nígbà tó yá, tí Bísí, ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà bí, kú, mo ń retí kí òun náà rù. Kò rù. Kílò méjìdínlọ́gọ́rin ni mo ń ké fún un tẹ́lẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó di márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Inú mi dùn. Mo rò pé ìbànújẹ́ ti ń fi í sílẹ̀.

"Ara yín ti ń bọ̀ sípò, mà," ni mo wí. "Ẹ kú oríire."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó ní, "O ṣé."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kí i títí di ọjọ́ tí mo ké méjìléláàádọ́fà. Ìyá kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pariwo: "Háà, Tíṣà, uyán tí ẹ ń jẹ ń ṣiṣẹ́ o!"

Òmíràn ní, "Ẹ rọra sọ̀ o! Ìwọ̀n ìjọba nìyẹn, ẹ má fọ́ ọ mọ́ wa lọ́wọ́!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò wá. Mo mọ̀ pé oògùn ọwọ́ rẹ̀ ti tán, mo sì ti rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbé ẹni tí kò bá lo oògùn lọ. Mátírọ̀nù ní kí n gbé oògùn lọ bá a nílé.

Ọ̀sán ni. Mo bá a ní ilé ìdáná lórí ìdúró, ó ń bu búrẹ́dì jẹ láìfi nǹkan kan sí i. Ọ̀rá búrẹ́dì méjì ti ṣófo lórí tábìlì. Kò jọ ẹni tí ń gbádùn. Ó jọ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ pẹ́. Nígbà tó rí mi, ó fi aṣọ bo búrẹ́dì náà.

"Ebi ń pa yín ni, mà?"

"Ebi kọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni."

"Kí ló wá dé?"

"Ṣé mo mọ̀? Bí ilé bá ti dákẹ́, ọwọ́ mi á lọ síbẹ̀. Bí mo bá jẹ tán, n ó sunkún. Bí mo bá sunkún tán, n ó tún jẹ. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná fún aládùúgbò rí, mo bọ́ sójú títì, mo ra àkàrà. Mo ń jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Fadá bí ẹni tó jalè."

Mo ní, "Ẹ ṣáà máa kó ara yín níjàánu, mà."

Ó jókòó. "Ìwọ, nígbà tí ìyàwó rẹ kú, tí o gbẹ bí igi, kí ló dé tí o kò ṣáà jẹun?"

"N kò lè jẹ ni, mà."

"O kò lè jẹ. Èmi kò lè dá a dúró. O wá ń kí mi kú oríire lóṣooṣù."

Mo gbé oògùn sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ yẹn dà mí láàmú títí mo fi délé. Ohun kan náà ló ṣe wá. Ó bọ́ ẹran lára mi, ó gbé ẹran lé Tíṣà lára. N kò rí i kà nínú ìwé kankan.

Mo sọ ọ́ fún Mátírọ̀nù. Ó ní, "Oúnjẹ ti di bárakú fún un, bí ọtí ṣe ń di bárakú fún ẹlòmíràn. Ẹnu rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣàìsàn. Mú un lọ sí Adó, sọ́dọ̀ àwọn dókítà tí ń tọ́jú ìrònú."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Tíṣà, ojú rẹ̀ le. "Wèrè ni mí, àbí?"

"Bí ẹ bá jẹ́ wèrè, mà, èmi tí mo ń bá àga ìyàwó mi sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

N kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Ó lọ mú gèlè rẹ̀.

A sọ̀kalẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, a wọ kẹ̀kẹ́ dé ilé ìwòsàn. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, kò bèèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá. Ó ní, "Mà, ẹ sọ̀rọ̀ Bísí fún mi." Mo jáde. Láti ìta, mò ń gbọ́ ohùn Tíṣà, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

Láti ìgbà náà n kì í ké kílò mọ́. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, mo ń gbé e fún akọ̀wé. Ó ń fa ìdádúró, àwọn ènìyàn sì ń kùn: "Bàbá, ṣé ọ̀fun ń dùn yín ni?" N kì í kí ẹni tó sanra kú oríire, n kì í kẹ́dùn fún ẹni tó rù, àfi bí mo bá kọ́kọ́ bi í bí nǹkan ṣe rí fún un.

Tíṣà padà wá. Oṣù mìíràn, kílò á wálẹ̀. Oṣù mìíràn, á tún gòkè. N kò mọ ìdí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó gun ìwọ̀n, ó wo ojú mi.

"Ó lé, àbí?"

"Kílò méjì, mà. Oorun ńkọ́?"

"Mo ń sùn. Òru mẹ́ta léra, n kò dìde lọ sí ilé ìdáná."

N kò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ń yá ni tàbí kò yá. Káàdì kò ní àyè fún oorun, mo bá kọ ọ́ sí etí rẹ̀: ó sùn. Mátírọ̀nù rí i nírọ̀lẹ́, ó bi mí pé kí ni ìyẹn ń ṣe níbẹ̀.

Mo ní, "N kò tíì mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀."