Igbó Tí Wọ́n Gbá De Àlejò

Lọ́jọ́ kan, mo bá igbó Apòmù ní gbígbá. Kì í ṣe pé wọ́n ro ó nìkan o. Wọ́n gbá a. Mo rí ipa ìgbálẹ̀ nílẹ̀, ó mọ́ bí àgbàlá mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀.

Iṣẹ́ igbó, lábẹ́ ìjọba, ni mo ṣe jẹun ní Ìkirè, láti ìgbà tí obìnrin tó bá wọ ṣòkòtò lọ síbi iṣẹ́ ṣì ń di àpéwò. Ìyá ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé ọdẹ lọmọ òun gbé sílé. Ohun tí mò ń kà ni igi inú igbó àlàlẹ̀hù, ìyẹn igbó tí wọ́n ti gé nígbà kan, tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, tó tún fúnra rẹ̀ hù padà. Àwa ní tiwa lẹ́yìn Apòmù. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, orílẹ̀-èdè tí àwọn ìyá wa ṣì ń pè ní Dàhòmì, ní tiwọn nítòsí Kétu. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwa á lọ ka tiwọn, àwọn náà á wá ka tiwa, torí ta ni yóò ka nǹkan ara rẹ̀ tí kò ní bù mọ́ ọn? A ó wá gbé méjèèjì síra wọn, ká mọ orílẹ̀-èdè tí igbó rẹ̀ ń fẹ̀ àti èyí tí tiẹ̀ ń rẹ̀yìn.

Nígbà àkọ́kọ́, Kétu nà wá. Tiwọn dí dùùrù, tiwa dà bí orí tí lápalàpá jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo SAP, ètò ọrọ̀ ajé tó mú gbogbo nǹkan wọ́n, fi gbòde, tiwa ti ń gbérí. Arère ń yọ, afàrà ń yọ, ayùnrẹ́ ò tilẹ̀ nítìjú.

Ọ̀gá wa ni ìṣòro mi. Wọ́n fẹ́ràn igi tíìkì bí ìyàwó tuntun. Igi tí kò bá tò lórí ìlà bí ọmọ iléèwé, pàǹtírí ni lójú wọn. Wọ́n ní bí Kétu bá tún nà wá, àwọn á wó gbogbo igbó náà, àwọn á gbin tíìkì síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ làwọn obìnrin Apòmù ti ń ṣa ìgbín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀. Èmi náà, ibẹ̀ ni mo lo ìgbà èwe mi sí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ni mo bá ránṣẹ́ sí Alfa Ràímì, àgbà àgbẹ̀ tí oko wọn bá igbó náà pààlà, pé àlejò ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè wá wo igbó wa. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbàgbé pé ọmọ Yorùbá ni Alfa. Àlejò á ti òkèèrè wá, ká wá mú un gba inú ẹ̀gún? Alfa bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yọ àdá, gbogbo igi tí kò tíì nípọn tó itan ni wọ́n bẹ́ lulẹ̀. Àwọn obìnrin kó o lọ sílé, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ parí ẹ̀.

Alfa dúró dè wá nínú agbádá funfun, inú wọn ń dùn.

"Ìyá Sìkírù, wò ó, ejò kan ò ríbi fara pamọ́ sí mọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Àlejò wa láti Kétu, Mùsé Àlàbí, tí a ń pè ní Mùsé, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, torí ìwé Faransé tí wọ́n kà, fẹ́ ju dòdò Ìkirè sẹ́nu ni. Ọwọ́ wọn dúró lójú ọ̀nà. Òfin wa ni pé kùkùté kì í ṣe igi. Igi kéékèèké tí à bá kà ti di igi ìdáná. Mo rọra ṣàlàyé fún Alfa.

"Ṣé igbó tó dọ̀tí lẹ ń wá ni?"

"Alfa, ìdọ̀tí yẹn gan-an là ń kà."

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun.

Mùsé Àlàbí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi èékánná ha kùkùté kan. Inú rẹ̀ tutù, ó ṣì ń ṣomi. Wọ́n ní àwọn ò tíì kà á, àwọn á padà wá lẹ́yìn òjò, kí òǹkà orílẹ̀-èdè méjèèjì tó pàdé. Ó dun Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún àlejò pé kó má padà wá?

Ní gbogbo ìgbà òjò yẹn, Alfa ò jẹ́ kí ewúrẹ́ yọjú síbẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ, bí ẹni ń lọ bẹ aláìsàn wò. Nígbà tí Mùsé Àlàbí fi dé, kùkùté tó jẹ́ igi kan tẹ́lẹ̀ ti yọ méjì, òmíràn yọ mẹ́ta. Ọ̀gá ní èyí tó bá yọ lára kùkùté ò wọ inú òǹkà.

"Ọ̀gá, ta ló gbìn ín?" ni mo bi wọ́n.

Ọ̀gá wo igi, wọ́n wo bàtà wọn. A kà á. Lọ́dún náà, Apòmù na Kétu. Mùsé Àlàbí bẹ̀ wá pé ká má sọ bá a ṣe ṣe é fáwọn ará ilé wọn, kí wọ́n má baà fi àdá dáhùn.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, nígbà tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo lọ dágbére fún igbó náà. Alfa ti darúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, síbẹ̀ àwọn ló ṣáájú. Kò sójú ọ̀nà kankan. Ẹ̀gún fa ìró mi ya, ìtàkùn já gèlè mi gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ṣé wọn ò wá lè la ọ̀nà díẹ̀ fún mi ni, èmi tí mo ti ń bọ̀ níbí látayébáyé.

Alfa dúró, wọ́n yíjú padà.

"Àlejò ńlá ni ọ́ lónìí," wọ́n ní. "Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan."