Ìyẹ̀fun Olú Nínú Ẹ̀kọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Màmá wa ló fi kíndìnrín wọn kan fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nígbà tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń lo oògùn tó ń dá ọmọ ogun ara rẹ̀ dúró, kí wọ́n má baà gbógun ti kíndìnrín tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, olú ni mo máa ń sè. Màá yọ irú ṣúgà kan nínú rẹ̀, tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Tí mo bá kán an sórí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara, wọ́n á ta jí, wọ́n á sì máa gbé kòkòrò àrùn mì.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo délé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ro ìyẹ̀fun kan mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Mo kí wọn tán, mo béèrè ohun tó jẹ́.

"Olú gbígbẹ ni. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló lọ̀ ọ́ fún mi. Ó ní ó ń fún ọmọ ogun ara lágbára. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń mu ún."

Mo rọra gba kọ́ọ̀pù ẹ̀kọ náà lọ́wọ́ wọn.

"Mọ́mì, àwọn ọmọ ogun yẹn gan-an ni oògùn rẹ̀ ń tẹ̀ lórí ba. Tí wọ́n bá jí, kíndìnrín tí ẹ fún un ni wọ́n máa kọ lù."

Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n sì fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ara wọn, níbi tí àpá iṣẹ́ abẹ wọn wà.

"Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

"Mi ò mọ̀, Mà."

Mi ò mọ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo ń rí nínú ìgò lè má rí bẹ́ẹ̀ nínú ara èèyàn.

Mo pe dókítà ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí ó má mu ìyẹ̀fun náà mọ́, kó má fo oògùn rẹ̀, kó sì wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara òun le, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń tẹ ikùn wò ní kọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n fi kíndìnrín náà sí. Ní Sọ́ńdè, Màmá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò bọ́ aṣọ funfun wọn, wọn ò sì jẹun.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fi hàn pé kíndìnrín náà ti ń falẹ̀ díẹ̀. Dókítà ní òun ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé olú ló fà á. Ó tún oògùn rẹ̀ tò, ó sì ní ká padà wá. Nígbà tí a padà lọ, iṣẹ́ kíndìnrín náà ti bọ̀ sípò.

Màmá fúnra wọn ló gbé ìyẹ̀fun tó kù padà fún ìyá yẹn. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì ṣàlàyé fún un, nítorí ọmọ tirẹ̀ náà ń lo irú oògùn tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò.