Àgbélébùú Tí Wọ́n Pè Ní Ti Ọ̀ṣun

Ìró ọkọ́ ìyá mi àgbà lára òkúta ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí ohun tó ń wá. Ó kúnlẹ̀ sídìí àgbélébùú inú itẹ́ òkú ìjọ wa ní Yaba, ẹrẹ̀ ti bo ìró rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ìjọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Mama, ẹ dìde nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìjọ ti fẹnu kò. Lọ́jọ́ Ajé la máa fọ́ ọ.”

“Kó tó di ọjọ́ Ajé, jẹ́ n gbẹ́lẹ̀ mi.”

Bàbá tó bí ìyá àgbà ló wà lábẹ́ òkúta náà. Tíṣà ìjọ ni, òun ló kọ́ àwọn ọmọ ìjọ àkọ́kọ́ ní ìwé kíkà. Nígbà tó kú, àwọn tó kọ́ níwèé ní kí ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ òkúta ní Abẹ́òkúta gbẹ́ àgbélébùú fún un. Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Ìdó, wọ́n sì fi ọmọlanke tì í dé Yaba, orin ni wọ́n ń kọ bọ̀.

Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, èmi àti ìyá àgbà máa ń lọ fọ̀ ọ́. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn ọṣẹ dúdú àti koríko tútù, àti bí kànìnkànìn ṣe ń ha lórí òkúta. Bí a bá fọ̀ ọ́ tán, á di ìka mi mú, á fi tọ àwọn lẹ́tà náà.

“Kí ló wí?”

“Ó sùn.”

“Níbo?”

“Nínú Olúwa.”

Àkọsórí ni mo fi ń dáhùn ìyẹn, torí iyanrìn tí wọ́n dà sí itẹ́ òkú nítorí omi òjò ti bo ìyókù ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò sì fi àmì sí i, kò fàyè sílẹ̀ láàárín O àti SUN. OSUN nìkan ló kù lójú. Ìgbìmọ̀ tuntun dé, wọ́n kà á ní Ọ̀ṣun. Wọ́n ní òrìṣà wà nínú ọgbà Olúwa, wọ́n gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Inú tún ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó kọ́ àwọn bàbá wọn ní Bíbélì ni wọ́n sọ di abọ̀rìṣà nínú sàréè, wọn ò bi ẹnì kankan léèrè.

Ìyá àgbà da omi sídìí òkúta. NINU OLUWA yọ jáde.

“Ìwọ ọmọ yìí, kà á,” ó sọ fún alága.

Alága bẹ̀rẹ̀, ó kà á. “Mo ti rí i, Mama. Ṣùgbọ́n a ti kéde rẹ̀ fún ìjọ. Kí la fẹ́ wí?”

“Ẹ wí pé ẹ ṣì í kà. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ ní a, b, d. Ọjọ́ tí a kọ́ àmì ohùn, ó jọ pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lo wà, tí ò ń ká gúáfà.”

Wọn ò fọ́ ọ. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, wọ́n ní kí àlàáfíà lè jọba ni. Nígbà tó di Sátidé, ìyá àgbà fọ̀ ọ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó kú, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ la sin òun náà sí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé inú ìjọ yẹn ni mo ti mọ̀wé, n ò sì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a kùn ní funfun kì í ṣe àlàáfíà. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kì í kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i, àní lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dé itẹ́ òkú, mo máa ń gbé ìka lé sìmẹ́ǹtì náà níbi tí lẹ́tà wà. Ojú ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ìka mi ṣì ń kà á.